Bàbá Tó Jókòó Lé Àṣíborí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́ kí inú mi lè rọlẹ̀. Nígbà tí bàbá àgbà wa kú, tí àwọn èèyàn ń wá kí wa nílé ní Jonesboro, lẹ́bàá Atlanta ní Amẹ́ríkà, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí ẹni tó wọlé tí kò béèrè pé, "Ṣé bàbá inú fídíò yẹn ni?" Àwọn kan tilẹ̀ kọ́kọ́ béèrè kí wọ́n tó rántí pé ẹ kú àṣẹ̀yìndè ló yẹ kí wọ́n sọ. Wọ́n á wo fọ́tò rẹ̀ lórí tábìlì, wọ́n á mi orí, wọ́n á ní, "Àní, òun gan-an ni!" Fídíò yẹn kò gùn. Bàbá arúgbó kan ló wà nínú rẹ̀, ó wọ agbádá aláwọ̀ ewé, ó jókòó lé àṣíborí agbábọ́ọ̀lù kan létí pápá, àwọn géńdé ọkùnrin dúró yí i ká, wọn ò mọ èyí tí wọn ì bá ṣe. Ẹni tó gbé e síta kọ ẹ̀rín sí i nídìí. Wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ̀ ní Atlanta, wọ́n rẹ́rìn-ín rẹ̀ dé Ìbàdàn. Èmi ò rẹ́rìn-ín rí, nítorí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni mo wà lọ́jọ́ náà.

Bàbá Jonesboro ni gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì ń pè é, nítorí pé bàbá mìíràn wà tó ń gbé ní Suwanee, ìlú mìíràn lẹ́bàá Atlanta, a sì gbọ́dọ̀ rí ohun tí a ó fi dá wọn mọ̀. Tíṣà ìtàn ni nílé ẹ̀kọ́ girama ní Ìkìrun kó tó fẹ̀yìn tì. Mọ́mì, ọmọ rẹ̀ obìnrin, ló ní kí Bàbá àti Màmá àgbà, ìyàwó rẹ̀, máa bọ̀ wá bá òun tọ́jú èmi àti Kọ́lá àbúrò mi, nítorí nọ́ọ̀sì ni Mọ́mì, bó bá ti ti shift kan dé ni òmíràn ń dúró dè é. Àwọn méjèèjì ní àwọn ò ní pẹ́ padà sílé. Wọn ò padà mọ́. Ibojì Màmá wà níbí, tirẹ̀ náà ti wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ báyìí.

N kò fẹ́ pìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n bí i. Ìyẹn wà nínú ìwé tí ṣọ́ọ̀ṣì tẹ̀ fún ìsìnkú. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ ni irú èèyàn tó jókòó lé àṣíborí yẹn, àti ohun tí ìjókòó náà gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Kọ́lá ló ni àṣíborí náà. Kò sí ẹni tí Bàbá fẹ́ràn tó Kọ́lá láyé yìí, mo lè sọ bẹ́ẹ̀ láìjowú. Láti ọjọ́ yẹn ni Kọ́lá kò bá a sọ̀rọ̀ mọ́.

Bọ́ọ̀lù tí mò ń wí kì í ṣe èyí tí a ń fi ẹsẹ̀ gbá nílé o. Ti Amẹ́ríkà ni, èyí tí wọ́n ń gbá mọ́ àyà sáré, tí wọ́n sì ń fi gbogbo ara kọ lu ara wọn. Nígbà tí Kọ́lá wà ní high school ni Bàbá kọ́kọ́ bá wa lọ wò ó. Ó jókòó, ó fi ọ̀pá rẹ̀ sáàárín ẹsẹ̀. Láìpẹ́, àwọn ọmọ náà korajọ, wọ́n tẹ orí ba, wọ́n di ara wọn mú léjìká. Bàbá dìde, ó ṣí fìlà, ó dijú. Nígbà tí wọ́n pàtẹ́wọ́ tí wọ́n tú ká, ohùn rẹ̀ ni gbogbo ìjókòó wa gbọ́: "Àmín o!" Háà! Ojú tì mí, ó kù díẹ̀ kí n wọ abẹ́ ìjókòó lọ. Mo sọ ọ́ sí i létí pé wọn ò gbàdúrà, pé ọgbọ́n tí wọ́n fẹ́ dá ni wọ́n ń sọ fún ara wọn. Ó ní òun ti gbọ́. Nígbà tí wọ́n tún korajọ, ó tún ṣí fìlà. Títí tó fi lọ sí pápá kẹ́yìn, wọn ò korajọ lójú rẹ̀ kó má ṣí i. Bí mo bá ti ráhùn, èsì kan náà ló máa ń fún mi: "Àṣàkẹ́, ẹni tó fẹ́ lọ fi orí sọ orí ẹlòmíràn, tí òun fúnra rẹ̀ kò bá rántí gbàdúrà, ó yẹ kí ẹnì kan bá a gbà á."

Nígbà tó yá, kọ́lẹ́ẹ̀jì kan gba Kọ́lá pé kó wá máa gbá bọ́ọ̀lù fún àwọn. N kò ní dárúkọ kọ́lẹ́ẹ̀jì náà. Kì í ṣe ọ̀kan nínú àwọn ńláńlá tí tẹlifíṣọ̀n ń sá tẹ̀ lé kiri, àmọ́ àwọn tó jáde níbẹ̀ kò fi ṣeré rárá. Aṣọ aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń wọ̀. Bàbá kò lè rí nǹkan kó má béèrè ẹni tó tẹ̀ ẹ́ dó, tíṣà ìtàn ni, kò sí ohun tí a lè ṣe sí i. Yóò ní kí n tètè gbé òun dé pápá kí eré tó bẹ̀rẹ̀, yóò wá lọ jókòó ti àwọn bàbá arúgbó tó ti jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì náà láti ìgbà láéláé, yóò máa bi wọ́n ní ìbéèrè. Inú àwọn yẹn dùn sí i. Mo rò pé ó ti pẹ́ tí ọmọ tiwọn gan-an ti béèrè irú nǹkan bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ wọn. Nígbà tí yóò fi tó sáà eré méjì, Bàbá ti mọ ìtàn ẹgbẹ́ náà débi pé àwọn fúnra wọn ń wá bi í.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń ka àwọn ọba ìlú ló ṣe ń kà á. Kò mọ ọdún, kóòṣì tó ń kọ́ ẹgbẹ́ ló mọ̀, ó sì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní orúkọ. "Ìyẹn ṣẹlẹ̀ láyé Onísùúrù," báyìí ni yóò wí, "ẹni tó jẹ títí irun orí rẹ̀ fi funfun. Lẹ́yìn rẹ̀ ni Aláriwo jẹ. Aláriwo kò pẹ́ lórí àga, àwọn ìjòyè ló rọ̀ ọ́ lóyè." Ìgbìmọ̀ kọ́lẹ́ẹ̀jì ló ń pè ní ìjòyè. Kọ́lá máa ń rẹ́rìn-ín títí omi á fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì gbé e lọ bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Àwọn ọmọ Amẹ́ríkà wọ̀nyẹn, dúdú àti funfun, bẹ̀rẹ̀ sí í pe Bàbá ní Grandpa. Bí wọ́n bá rí i létí pápá, wọ́n á sáré wá kí i, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń dọ̀bálẹ̀.

Ìtàn tí Bàbá fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti agogo. Ṣọ́ọ̀ṣì kan ló dá kọ́lẹ́ẹ̀jì náà sílẹ̀, àwọn oníwàásù méjì ló ń darí rẹ̀. Wọ́n wá jà. Ọ̀kan kó àwọn tirẹ̀, ó lọ sí ìlú kejì, ó dá kọ́lẹ́ẹ̀jì tirẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n pín àga, wọ́n pín ìwé, agogo ṣọ́ọ̀ṣì nìkan ni wọn ò rí pín. Ni àwọn ọmọ wọn bá ń fi bọ́ọ̀lù du agogo lọ́dọọdún. Ẹni tó bá borí ni yóò gbé e lọ, òun ni yóò sì máa lù ú títí ọdún yóò fi yí po. Pupa bí osùn ni aṣọ àwọn ìkejì, Bàbá sì sọ wọ́n ní Ará Osùn, ó pe àwọn tiwa ní Ará Ewé. Nígbà tí wọ́n pa ìtàn yìí fún un, ó pàtẹ́wọ́. Ó ní, "Ìjà ogún mà ni! Ilé wo ni wọn ò ti jà á rí?"

Agogo náà ti wà lọ́dọ̀ Ará Osùn kí Kọ́lá tó mọ ABD. Ó ń dun Bàbá. Mo mọ̀ pé ẹlòmíràn lè ní ṣé ọ̀rọ̀ tó kàn án nìyẹn, àgbàlagbà ará Ìkìrun, kí ló kàn án nínú agogo òyìnbó? Màmá náà béèrè bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ lójú mi. Bàbá ní, "Ibi tí mo ti mọ gbogbo ìtàn, mo fi sílẹ̀ lọ́hùn-ún. Èyí ni mo rí mọ̀ níbí. Mo fẹ́ gbọ́ ohùn agogo yẹn nílé tiwa kí n tó kú."

Ó yẹ kí n sọ ti Bàbá Suwanee náà, nítorí láìsí i, ìdajì Bàbá ni ẹ máa mọ̀. Ọ̀rẹ́ ni wọ́n ní ṣọ́ọ̀ṣì, àmọ́ àwọn ọmọ-ọmọ Bàbá Suwanee ló ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì Ará Osùn, òun náà sì ti di Ará Osùn pátápátá, títí dórí fìlà. Gbogbo Sátidé ni wọ́n ń pe ara wọn lórí fóònù. Wọn kì í bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹ káàsán. "Ẹrú wa, ṣé ẹ jí?" ni Bàbá Suwanee máa ń wí. Bàbá á ní, "Olè agogo, a jí o." Lọ́dún kan, lẹ́yìn tí Ará Osùn tún borí, Bàbá Suwanee jáde níwájú ìjọ láti jẹ́rìí. Ó ní òun dúpẹ́ pé Ọlọ́run ṣẹ́gun ọ̀tá fún òun. Gbogbo ìjọ ní Halelúyà. Bàbá káwọ́ gbera, ó di ẹnu pa bí ọmọ tí wọ́n fún ní àgbo. Pásítọ̀ tó ń wò ó láti orí pẹpẹ kò mọ ohun tó dé. Nígbà tí a jáde sí parking lot, Bàbá lọ bá Bàbá Suwanee lẹ́nu ọkọ̀, ó ní, "Ẹ gbọ́, Ọlọ́run kì í ṣe Ará Osùn." Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín débi pé wọ́n ní láti di ilẹ̀kùn ọkọ̀ mú.

Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí Bàbá kì í fi ṣeré, orí ni. Ní àárọ̀ ọjọ́ eré, bó ti wù kí Kọ́lá jìnnà tó, Bàbá á ní kí n gbé òun lọ bá a. Kọ́lá á kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, géńdé tó ga tó yẹn, Bàbá á gbé ọwọ́ lé e lórí, á máa kì í. "Àjàní, orí ẹ kò ní gbàbọ̀dè. Orí tí ìyá ẹ fi àdúrà bí, tí Màmá ẹ fi ọṣẹ fọ̀, kò ní fọ́ lójú wa." Màmá ló tọ́ Kọ́lá dàgbà ní tòótọ́, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Kọ́lá sùn sí títí ẹsẹ̀ rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́lẹ̀. Nígbà tí Màmá kú, Kọ́lá wà ní ọdún kejì ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Kò jẹun, kò lọ sí kíláàsì. Bàbá, tó jẹ́ pé òun gan-an ni aya rẹ̀ kú, ló lọ ń bá a gbé nínú yàrá kékeré tó wà, tó ń se ògì fún un. Nígbà tí mo ní kó wálé wá sinmi, ó ní, "Àgbà ti sunkún rí, Àṣàkẹ́. Ọmọdé ló yẹ ká dì mú."

Ọjọ́ eré tí mò ń sọ yìí bọ́ sí ọdún tí Kọ́lá fẹ́ jáde. Eré rẹ̀ tó kẹ́yìn ni, àwọn Ará Osùn ni wọ́n sì fẹ́ bá gbá. Wọ́n gbé agogo náà wá sí etí pápá, wọ́n fi aṣọ pupa bò ó. Àwọn tó ń wá agbábọ́ọ̀lù fún àwọn ẹgbẹ́ tó ń sanwó náà wá, Kọ́lá ni wọ́n wá wò. Mọ́mì wà lẹ́nu shift, èmi àti Bàbá la wà níbẹ̀, a jókòó síwájú pátápátá lẹ́yìn ibi tí àwọn tiwa ń jókòó, níbi tí irin tó pààlà kò ga ju ìgbáròkó lọ. Bàbá wọ agbádá aláwọ̀ ewé tó rán fún ọjọ́ náà. Àwọn tiwa ń lé iwájú. Nígbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí Bàbá ti ń wò wọ́n, àwọn tiwa ń lé iwájú.

Ẹnì kan kọ lu Kọ́lá láti ẹ̀gbẹ́. Gbogbo wa gbọ́ ọ. Ó ṣubú, ó pẹ́ díẹ̀, ó dìde, pápá pàtẹ́wọ́ fún un. Olùtọ́jú ẹgbẹ́ mú un jókòó, ó bi í ní orúkọ rẹ̀, ó bi í ní ọjọ́, ó ní kó fi ojú tẹ̀ lé ìka òun. Kọ́lá dáhùn gbogbo rẹ̀ dáadáa. N kò ní purọ́ mọ́ wọn, wọ́n ṣe ohun tí wọ́n mọ̀. Wọ́n ní kó múra, yóò padà wọlé.

Kọ́lá gbé àṣíborí rẹ̀ lọ́wọ́, ó rìn wá sẹ́bàá irin tí a wà. Bàbá ní, "Àjàní, ṣé kò sí?" Kọ́lá rẹ́rìn-ín músẹ́. Ojú rẹ̀ ń wá nǹkan láàárín èmi àti Bàbá, bí ẹni pé ìjókòó kan ṣófo níbẹ̀. Ó ní, "Grandpa, Màmá ńkọ́? Màmá ò wá ni?"

Mo fẹ́ la ẹnu, Bàbá ti fọwọ́ kàn mí lẹ́sẹ̀. Ohùn rẹ̀ kò yí padà rárá. Ó ní, "Màmá wà nílé. Ó ní kí n mú ẹ bọ̀." Lẹ́yìn náà ló na ọwọ́ méjèèjì jáde. Ó ní, "Gbé e fún mi."

Kọ́lá gbé àṣíborí náà fún un. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e, ó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí Màmá ṣe kọ́ wa pé a ṣe ń gbé nǹkan fún àgbà. Nínú gbogbo ohun tí ìkọlù yẹn gbọ̀n dànù lórí rẹ̀, ìyẹn ò lọ. Bí Kọ́lá ti yí padà pé òun ń lọ bá àwọn ẹgbẹ́ òun, Bàbá gbé ẹsẹ̀ kan kọjá irin, ó gbé èkejì, agbádá há díẹ̀, ó fà á. Àwọn sẹkiúrítì mọ̀ ọ́n, wọ́n rò pé ìkíni ló fẹ́ lọ kí. Ó rìn dé ìdí ibi tí àwọn agbábọ́ọ̀lù ń jókòó, ó gbé àṣíborí sílẹ̀, ó jókòó lé e.

Ibẹ̀ ni fídíò ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn olùrànlọ́wọ́ kóòṣì wá bẹ̀ ẹ́. Kóòṣì fúnra rẹ̀ wá, ojú rẹ̀ ti pọ́n, aago ń sáré lọ. Bàbá fi gẹ̀ẹ́sì tíṣà rẹ̀ dá a lóhùn, kò pariwo: "Young man, I am the owner of this head." Ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n fi ń ṣe ẹlẹ́yà, pé bàbá kan ní òun ló ni orí. Wọ́n kọ ọ́ sára ẹ̀wù tà. Ẹni tó ń ya fídíò náà rẹ́rìn-ín, ibẹ̀ ló sì gé e sí.

Àwọn tó wo fídíò kò rí i pé wọ́n ti rán ẹnì kan pé kó lọ mú àṣíborí mìíràn wá. Wọn ò rí Bàbá tó na ọwọ́ sí Kọ́lá, tó ní, "Jókòó tì mí." Wọn ò rí i bí Kọ́lá ṣe jókòó sórí koríko lẹ́sẹ̀ rẹ̀, tó fi orí lé orúnkún rẹ̀, tó sì bì sára agbádá tuntun yẹn. Dókítà ló sáré wá nígbà yẹn. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ àṣíborí mọ́. Wọ́n gbé Kọ́lá lọ sí ọsibítù, dókítà ibẹ̀ sì sọ fún Mọ́mì pé ọpọlọ rẹ̀ ti wú, pé bí ẹlòmíràn bá tún kọ lù ú lọ́jọ́ náà, òun ò mọ ohun tí òun ì bá máa bá a sọ. Àwọn tiwa pàdánù eré náà. Ará Osùn tún gbé agogo lọ.

Kọ́lá kò rántí nǹkan kan nínú rẹ̀. Ohun tó rántí ni àárọ̀ ọjọ́ náà, lẹ́yìn ìyẹn, bẹ́ẹ̀dì ọsibítù. Fídíò ló fi dí àlàfo tó wà láàárín méjèèjì. Ó rí bàbá rẹ̀ àgbà tó jókòó lé àṣíborí rẹ̀ lójú ayé, ó rí ẹ̀rín. Àwọn tó wá wò ó kò pè é mọ́. Ó ní wọ́n ti yẹ òun wò, òun sì yege. Ó ní gbogbo èèyàn ni orí ń fọ́ lẹ́yìn ìkọlù, pé òun ì bá parí eré òun bí ọkùnrin. Ó rí iṣẹ́ sí ọ́fíìsì ilé ìkẹ́rù kan ní Suwanee, ó kó lọ síbẹ̀, kò sì wá sí Jonesboro mọ́ ní ọjọ́ ìsinmi. Bí Bàbá bá pè é, kò ní gbé e. Ọmọ tí kì í jẹun kó má bu ti Bàbá kọ́kọ́!

Èmi bínú. Mo fẹ́ sọ ohun tó béèrè lọ́jọ́ náà fún un, kó mọ ìdí. Bàbá kọ̀ fún mi. Ó pè mí sí yàrá, ó ní kí n jókòó. Ó ní, "Bí o bá sọ fún un pé ó ń wá Màmá tó ti kú, gbogbo ìgbà tó bá gbàgbé kọ́kọ́rọ́ ni àyà rẹ̀ á máa já. Jẹ́ kó bínú sí mi. Ó sàn kó máa bínú sí mi ju kó máa bẹ̀rù orí ara rẹ̀ lọ." Mo sunkún níwájú rẹ̀. Mo bi í pé àgbàlagbà tó ti fi gbogbo ìyókù ayé rẹ̀ retí agogo kan, ṣé kò dùn ún? Ó ní, "Agogo pọ̀ láyé. Orí Àjàní ò ju ẹyọ kan."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn kan ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn ìsìn, wọ́n ń jókòó lé báàgì wọn láti fi hàn bó ṣe jókòó. Bàbá Suwanee ló pa wọ́n lẹ́nu mọ́. Ó na ọ̀pá sí wọn, ó ní, "Ṣé ẹ̀yin ò gbọ́ ọ rí pé àgbà kì í wà lọ́jà kórí ọmọ tuntun wọ́ ni? Ẹ ń rẹ́rìn-ín ẹni tó tún orí ọmọ ṣe!" Gbogbo eré tí Ará Osùn ti borí ló fi ń yọ Bàbá lẹ́nu, àmọ́ títí Bàbá fi kú, kò dárúkọ ti ọjọ́ yẹn lẹ́ẹ̀kan. Ó ṣì ń pè ní Sátidé. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ tẹ́lẹ̀ ni wọ́n ṣì ń bá ara wọn sọ ọ́, ẹrú wa, olè agogo, wọ́n á wá sọ̀rọ̀ oúnjẹ. Kọ́lẹ́ẹ̀jì ti ní kí Bàbá má wá sí pápá mọ́. Tẹlifíṣọ̀n wa kì í sì tàn lọ́jọ́ eré mọ́.

Ọkàn ló kọ́kọ́ yọ Bàbá lẹ́nu, lẹ́yìn náà ni iyè rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rá. Mọ́mì gba ìsinmi lẹ́nu iṣẹ́. Èmi náà ń ti àárín ìgboro Atlanta sáré bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ lójoojúmọ́. Lọ́sàn-án ọjọ́ ìsinmi kan, ọkọ̀ Kọ́lá dúró síwájú ilé. Mọ́mì ló pè é, ó sọ fún un pé bí kò bá wá lónìí, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ó wọlé, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà yàrá, ó di fìlà rẹ̀ mú lọ́wọ́. N kò tíì rí i kí ó kéré bẹ́ẹ̀ rí.

Bàbá la ojú. Ó wò ó pẹ́. Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, ojú rẹ̀ wá kọjá lọ sí ẹ̀yìn Kọ́lá, ó ń wá nǹkan. Ó ní, "Àjàní, Màmá ńkọ́? Màmá ò bá ẹ wá ni?"

Kọ́lá yí ojú sí mi. Ó rọra ní, "Sister mi, kí ni kí n sọ fún wọn? Ṣé kí n sọ pé Màmá ti kú ni?"

Mo fà á jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Bàbá ti ní kí n má sọ, mo sì ti pa á mọ́ títí ó fi ń pa mí lára, àmọ́ ẹni tó ní kí n má sọ ló fúnra rẹ̀ béèrè yìí. Mo ní, "Kọ́lá, ìbéèrè tìẹ nìyẹn. Bí o ṣe bi Bàbá létí pápá lọ́jọ́ náà nìyẹn, ọ̀rọ̀ fún ọ̀rọ̀. Torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe jókòó lé àṣíborí ẹ."

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè mọ́. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó sọ ara rẹ̀ kalẹ̀, ó bo ojú. Nígbà tó lè sọ̀rọ̀, kò bi mí ní ìdí tí n kò fi sọ fún un. Ohun tó béèrè ni pé, "Kí ni wọ́n fi dá mi lóhùn?"

Mo sọ ọ́ fún un.

Ó nu ojú, ó padà wọlé. Ó kúnlẹ̀ lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì níbi tí ọwọ́ Bàbá ti lè dé orí rẹ̀, Bàbá sì gbé e lé e, ọwọ́ náà mọ ọ̀nà. Ó tún béèrè pé Màmá ńkọ́.

Kọ́lá ní, "Màmá wà nílé, Bàbá. Wọ́n ní kí ẹ máa bọ̀."